Ṣé kí n yí ilé wa sí orúkọ LLC? Owó orí wo ló máa tẹ̀yìn rẹ̀ yọ?

OníléTexas
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ ilé ló gbé mi dé. Èmi àti ìyàwó mi ra ilé kan nítòsí Dallas ní 2017, 310,000 dọ́là la rà á. Àwọn ilé tó jọ ọ́ ládùúgbò ń lọ ní nǹkan bíi 520,000 báyìí. Gbèsè bánkì tó kù lórí rẹ̀ jẹ́ 190,000. Iṣẹ́ ti fẹ́ gbé wa lọ sí Pennsylvania, a ò sì fẹ́ tà á kíákíá. A fẹ́ fi ayálégbé sí i ná.

Ọ̀gbẹ́ni kan níbi iṣẹ́ wá ní kí n dá LLC sílẹ̀, ìyẹn irú ilé-iṣẹ́ kan tí òfin ìpínlẹ̀ kà sí ọ̀tọ̀ sí ẹni tó ni ín, kí n yí ilé náà sí orúkọ rẹ̀. Ó ní mi ò ní san owó orí lórí owó tí ayálégbé bá ń san mọ́, pé tí ẹnikẹ́ni bá sì ṣubú lórí àtẹ̀gùn, kò ní lè fọwọ́ kan owó tó wà ní àkáǹtì mi. Ó tún ní kí n kọ orúkọ àwọn ọmọ mi méjèèjì mọ́ ọn, kí ogún má baà di wàhálà lọ́jọ́ iwájú. Ìyàwó mi ti yarí pé òun ò ní fọwọ́ sí ìwé kankan àfi tí mo bá kọ́kọ́ bi àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Oníṣirò_Àgbà
Àbúrò, ìyàwó ẹ gbọ́n.

Jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ IRS, àjọ tó ń gba owó orí fún ìjọba àpapọ̀, kúrò ńlẹ̀ ná, torí òun ló rọrùn jù. LLC tó jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo, IRS kì í kà á sí nǹkan tó dá dúró, àfi tí onítọ̀hún bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé pé kí wọ́n kà á sí kọ̀póréṣọ̀n. Bí òfin ṣe rí láti 1997 nìyẹn, orúkọ tí wọ́n sì ń pè é ni disregarded entity. Ẹni tó bọ́ agbádá tó wọ dàńṣíkí, ṣebí ẹni kan náà ni. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí o bá yí ìwé ilé sí orúkọ LLC rẹ, lójú IRS o ò ta nǹkan kan, ẹnì kankan ò sì ra nǹkan kan. 210,000 tí ilé yẹn ti fi gbówó lórí ṣì wà níbẹ̀, owó orí kankan ò tíì bá a. Basis rẹ, ìyẹn iye tí o rà á, kò yí padà. Ọjọ́ tí o rà á kò yí padà.

Àmọ́ ibi tí ọ̀gbẹ́ni níbi iṣẹ́ ti ṣì ọ́ lọ́nà nìyẹn náà. LLC kò fún ẹ ní ẹ̀dínkù kankan tí o kò ti ní tẹ́lẹ̀. Owó tí ayálégbé bá san, orí Schedule E nínú Fọ́ọ̀mù 1040 rẹ ló ń lọ, ìbáà ṣe orúkọ rẹ ló wà lórí ilé tàbí ti LLC. Èlé bánkì, ìnṣọ́ránsì, owó àtúnṣe, owó orí káńtì, bákan náà lo ṣe máa yọ gbogbo wọn. Depreciation, ìyẹn iye tí wọ́n ń jẹ́ kí o yọ lọ́dọọdún nítorí pé ilé ń gbó, òun náà ńkọ́? Ó ti jẹ́ tìrẹ láti ọjọ́ tí o bá ti gbé ilé náà síta fún ayálégbé. Ká ní ilẹ̀ ibẹ̀ tó 60,000 nínú 310,000 yẹn, wàá pín 250,000 tó kù sí ọdún 27.5, ó di nǹkan bíi 9,090 dọ́là lọ́dọọdún. Iye tí o rà á ni wọ́n ń lò o, kì í ṣe 520,000 tí ọjà ń sọ lónìí.

Kí n tó gbàgbé: tí ẹ bá ti di ará Pennsylvania, ìpínlẹ̀ yẹn máa gba ìdá 3.07 nínú ọgọ́rùn-ún lórí èrè owó ilé tó ń ti Texas wá. LLC kò dá ìyẹn dúró.

Aláfetísílẹ̀
Mo ti jókòó síbí o. Èmi náà ní irú ìbéèrè yìí nílẹ̀.

OníléTexas
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Mo tún gbọ́ pé tí èèyàn bá ta ilé tó ń gbé, ìjọba kì í gba owó orí lórí 250,000 àkọ́kọ́ nínú èrè, 500,000 tó bá jẹ́ tọkọtaya. Ṣé LLC ò ní ba ìyẹn jẹ́ fún wa?

Oníṣirò_Àgbà
Ìbéèrè tó dáa jù nìyẹn nínú gbogbo ohun tí o ti bi wá. Section 121 nínú òfin owó orí lò ń sọ. Ohun tó béèrè ni pé nínú ọdún márùn-ún tó ṣáájú ọjọ́ tí o tà á, kí ilé náà ti jẹ́ tìrẹ fún ọdún méjì, kí o sì ti gbé inú rẹ̀ fún ọdún méjì. Fún tọkọtaya tó jọ ń kọ fọ́ọ̀mù owó orí pọ̀, ẹnì kan nínú wọn tó láti jẹ́ onílé, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ló gbọ́dọ̀ ti gbé ibẹ̀.

Tí LLC bá jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo, ìlànà IRS fúnra rẹ̀ sọ ọ́ kedere pé ẹni tó ni LLC ni wọ́n máa kà sí onílé. Àǹfààní yẹn dúró. Tó bá jẹ́ ti èèyàn méjì sókè tó wá di partnership, tàbí tí o ní kí wọ́n kà á sí kọ̀póréṣọ̀n, ọwọ́ rẹ ti bọ́ níbẹ̀. Partnership kì í sùn nínú ilé, kọ̀póréṣọ̀n kì í sùn nínú ilé.

Ohun tó yẹ kó máa jẹ ọ́ lọ́kàn ju LLC lọ ni ọjọ́ tí ẹ máa kó jáde. Tí ẹ bá kó jáde ní Okudù 2026, tí ẹ sì tà á kí Okudù 2029 tó pé, ọdún méjì tí ẹ fi gbé ibẹ̀ ṣì wà nínú ọdún márùn-ún yẹn. 210,000 yẹn wọlé fún yín láìsan kọ́bọ̀ owó orí fún ìjọba àpapọ̀, àfi apá tó bá jẹ́ ti depreciation, èyí tí wọ́n lè gbà tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó kọjá bẹ́ẹ̀, tí owó orí yín lórí èrè bá sì jẹ́ ìdá 15 bíi ti ọ̀pọ̀ èèyàn, 31,500 dọ́là lọ nìyẹn. Ẹ fi ọjọ́ yẹn sí orí fóònù yín.

ÀrékérekèRere
Ẹ̀gbọ́n Oníṣirò, mo ní ọgbọ́n kan. Kí ló dé tí wọn ò kàn ta ilé náà fún LLC tiwọn nísinsìnyí, ní 520,000? 210,000 á wọlé lábẹ́ Section 121, LLC á wá bẹ̀rẹ̀ depreciation lórí 520,000. Wọn ò ní máa ka ọdún mẹ́ta kankan mọ́.

Oníṣirò_Àgbà
Haha. Orúkọ rẹ ti sọ irú ẹni tí o jẹ́.

Kò lè ṣeé ṣe pẹ̀lú LLC ẹnì kan. Èèyàn kì í ta ọjà fún ara rẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí yíyí ilé náà má gba owó orí, òun náà ni kò ní jẹ́ kí wọ́n ka títà yẹn sí títà.

Àwọn kan máa ń tà á fún S corporation tiwọn, torí kọ̀póréṣọ̀n dá dúró ní tirẹ̀. Ó ṣeé ṣe lójú òfin, ṣùgbọ́n inú igbó ẹlẹ́gùn-ún nìyẹn. Èrè tó bá kọjá iye tí Section 121 gbà, Section 1239 máa sọ ọ́ di owó bíi ti oṣù iṣẹ́, owó orí rẹ̀ á sì ga ju ti èrè ilé lọ. Lẹ́yìn náà, tí ẹ bá fẹ́ yọ ilé kúrò nínú kọ̀póréṣọ̀n lọ́jọ́ kan kí ẹ padà máa gbé e, IRS á ṣe bí ẹni pé kọ̀póréṣọ̀n tà á fún yín ní iye tó ń lọ lọ́jà, owó orí tún dé. Wíwọlé rọrùn, jíjáde ló le. Èmi ò ní gba ẹnikẹ́ni tó ní ilé kan ṣoṣo nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀.

ÌyáÌbejì_FL
Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti àwọn ọmọ, torí mo rí i pé ẹ ti fò ó. Bọ̀dá OníléTexas, ẹ má kọ orúkọ ọmọ kankan mọ́ ọn o! Àkọ́kọ́, ẹ̀bùn ni lójú IRS. Iye tí èèyàn lè fi ta ẹnì kan lọ́rẹ ní 2025 láìkọ Fọ́ọ̀mù 709, fọ́ọ̀mù owó orí ẹ̀bùn, jẹ́ 19,000 dọ́là. Ìpín nínú ilé 520,000, àfi tó bá kéré gan-an ni kò fi ní kọjá bẹ́ẹ̀. Fọ́ọ̀mù yẹn nìkan kọ́ ni ìṣòro, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń kọ ọ́ tí wọn ò san nǹkan kan. Ìṣòro ni pé LLC ti di ti èèyàn púpọ̀, ó ti di partnership, ìyẹn sì ti gbé Section 121 lọ, bí ẹ̀gbọ́n ti wí.

Èkejì ló máa ń dùn mí jù, torí mo máa ń rí i láàárín àwọn èèyàn wa. Ọmọ tí ẹ fún ní ilé nígbà tí ẹ wà láyé, iye tí ẹ̀yin rà á ló máa gbé dání. Ọmọ tó jogún rẹ̀ lẹ́yìn yín, iye tí ilé náà tó lọ́jọ́ tí ẹ papò dà ni wọ́n máa kà fún un. Ká ní ó ti di 800,000 nígbà náà, tí ọmọ sì tà á ní 800,000: ẹni tó jogún ò jẹ ìjọba ní nǹkan kan. Ẹni tí ẹ fún ní gbogbo rẹ̀ láàyè jókòó pẹ̀lú èrè 490,000 lọ́rùn. Ìfẹ́ ọmọ ló sún yín ṣe é, ọmọ ló sì máa san án.

OníléTexas
Mọ̀mí, ẹ ṣeun. Mo ti yọ ti àwọn ọmọ kúrò. Ìyàwó mi ńkọ́? Orúkọ àwa méjèèjì ló wà lórí ilé.

Oníṣirò_Àgbà
Texas wà lára àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́sàn-án tí dúkìá tọkọtaya ti jẹ́ ti àwọn méjèèjì lápapọ̀. Àwọn yòókù ni Arizona, California, Idaho, Louisiana, Nevada, New Mexico, Washington àti Wisconsin. Tọkọtaya tó ni LLC gẹ́gẹ́ bí dúkìá àjọni lábẹ́ òfin irú ìpínlẹ̀ bẹ́ẹ̀, IRS gbà láti 2002 pé wọ́n lè kà á sí ti ẹnì kan, tí kò bá ti sí ẹlòmíràn nínú rẹ̀. Pennsylvania kò sí lára wọn. LLC tí tọkọtaya bá dá sílẹ̀ lábẹ́ òfin ìpínlẹ̀ tí kò sí nínú mẹ́sàn-án yìí, partnership ni. Fọ́ọ̀mù 1065, fọ́ọ̀mù owó orí partnership, di dandan, 15 Máàsì ni ọjọ́ rẹ̀, pẹ̀lú K-1, ìwé tó ń sọ ìpín onítọ̀hún, fún ẹnìkọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá pẹ́, owó ìtanràn ju 200 dọ́là lọ fún ẹnìkọ̀ọ̀kan yín, oṣooṣù, ó sì lè tó oṣù 12, bí LLC náà ò tilẹ̀ pa kọ́bọ̀. Torí náà, tí ẹ bá máa ṣe é rárá, ẹ ṣe é kí ẹ tó kúrò ní Texas, kí ẹ sì jẹ́ kí lọ́yà kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn LLC pé dúkìá àjọni ni.

Lánlọ́ọ̀dù_Philly
Ẹ káàbọ̀ sí Pennsylvania o, arákùnrin. Ẹ dúpẹ́ pé Texas ni ilé yẹn wà, torí Texas kì í gba owó orí kankan lórí yíyí ìwé ilé, owó tí káńtì ń gbà láti fi ìwé sílẹ̀ ni ẹ máa san. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ìpínlẹ̀ ń gba ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ìjọba ìbílẹ̀ sábà máa ń gba ìdá kan sí i, Philadelphia tún ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn ò sì fẹ́ mọ̀ pé LLC ti yín ni. Ilé 400,000, ìdá méjì, 8,000 dọ́là, fún kí ilé yín lè máa jẹ́ ilé yín. Tí ẹ bá máa ra ilé tí ẹ fẹ́ fi ayálégbé sí níbí, inú LLC ni kí ẹ ti rà á láti ìbẹ̀rẹ̀.

ÌyáÌbejì_FL
Ti Florida náà ní tirẹ̀. Tí kò bá sí gbèsè lórí ilé, tí ẹ sì gbé e sínú LLC tiyín lọ́fẹ̀ẹ́, kò sí doc stamp, ìyẹn owó orí tí Florida ń gbà lórí yíyí ìwé ilé. Tí gbèsè bá wà, gbèsè yẹn ni wọ́n ń kà sí owó tí LLC fi rà á: 70 sẹ́ǹtì lórí ọgọ́rùn-ún dọ́là kọ̀ọ̀kan níbi gbogbo yàtọ̀ sí Miami-Dade. Gbèsè 200,000 ti di 1,400 dọ́là. Èyí tó burú jù ni homestead, ìyẹn àǹfààní owó orí tí wọ́n ń fún ẹni tó ń gbé inú ilé tirẹ̀. LLC kì í ní homestead. Ìdènà tí kì í jẹ́ kí iye tí káńtì kọ sórí ilé yín ga ju ìdá mẹ́ta lọ lọ́dún, ó ti lọ. Ọdún tó tẹ̀lé e, iye ọjà ni wọ́n máa fi gba owó orí. Ẹni tó ti ń gbé ilé rẹ̀ fún ogún ọdún, kó má dán an wò.

Oníṣirò_Àgbà
Bákan náà ni ní Texas fún ẹni tó ṣì ń gbé inú ilé. Homestead ń yọ 140,000 kúrò nínú iye tí ilé-ìwé fi ń gba owó orí báyìí, lẹ́yìn ìbò Nofẹ́ńbà 2025, ó sì tún ní ìdènà ìdá mẹ́wàá lọ́dún. LLC kò ní ẹ̀tọ́ sí i. Ní ti OníléTexas, wọ́n máa pàdánù rẹ̀ lọ́nàkọnà, torí wọ́n ń kó lọ máa gbé ibòmíràn. Ẹ fi owó orí káńtì tó máa gbéra yẹn kún ìṣirò kí ẹ tó sọ iye tí ayálégbé máa san.

Lọ́yàKékeré
Ẹ ẹ̀ tíì mẹ́nu kan bánkì, bánkì ló sì lè pariwo jù. Gbogbo ìwé mọ́gẹ́ẹ̀jì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ní gbólóhùn kan nínú, tí wọ́n ń pè ní due-on-sale: tí ilé bá kúrò lórúkọ yín, bánkì lè ní kí ẹ san gbogbo 190,000 lẹ́ẹ̀kan náà. Òfin Garn-St Germain ti 1982 ní àwọn ibi tí bánkì ò ti lè ṣe bẹ́ẹ̀, bíi kí ẹ fún ọkọ tàbí aya tàbí ọmọ, tàbí kí ẹ gbé e sínú trust, ètò tí ẹnì kan fi ń tọ́jú dúkìá fún ẹlòmíràn, tí ẹ ṣì ń jàǹfààní rẹ̀. LLC kò sí lára wọn. Fannie Mae, ilé-iṣẹ́ tó ń ra gbèsè ilé lọ́wọ́ àwọn bánkì, ní tirẹ̀ gbà á fún gbèsè tó wọ ọwọ́ wọn láti 1 Okudù 2016, tí ẹni tó yá owó náà bá ṣì ni àṣẹ lórí LLC. Torí náà, ẹ wò ó lórí ìkànnì Fannie Mae bóyá tiwọn ni gbèsè yín, kí ẹ sì kọ̀wé sí ẹni tí ẹ ń san owó fún. Ẹ gba èsì wọn sínú ìwé. Ọ̀rọ̀ ẹnu lórí fóònù kò tó.

Ìnṣọ́ránsì náà ńkọ́? Ìwé ìnṣọ́ránsì tó wà lórúkọ yín kò bo ilé tó ti di ti LLC. Mo rí ẹni tí iná jó ilé ìdáná rẹ̀ tí wọ́n ní àwọn ò mọ LLC rí. Ẹ pe ilé-iṣẹ́ title insurance náà, ìnṣọ́ránsì tó ń bo ẹ̀tọ́ yín lórí ilé, torí àwọn ìwé àtijọ́ kan kì í tẹ̀lé ilé wọ inú LLC.

Ní ti ààbò tí ọ̀gbẹ́ni yẹn sọ: òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ayálégbé tó bá pe LLC lẹ́jọ́, ohun tó wà nínú LLC ló máa lé. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín lẹ kan àtẹ̀gùn tó já yẹn, ẹ̀yin fúnra yín ló máa pè lẹ́jọ́. Tí ẹ bá sì ń gba owó ilé sínú àkáǹtì tí ẹ fi ń ra oúnjẹ, kóòtù lè sọ pé LLC yín ò yàtọ̀ sí yín.

Ọmọ_Bàbá_CA
Ẹ dákun, kí n yà sí i díẹ̀. Àwọn òbí wa ní ilé kan ní Oakland, ọjọ́ ti pẹ́, owó orí rẹ̀ kéré gan-an nítorí Proposition 13. Wọ́n fẹ́ gbé e sínú LLC, kí wọ́n máa pín in fún àwa mẹ́ta díẹ̀díẹ̀.

Oníṣirò_Àgbà
Ẹ dá wọn dúró ná. Láti 1978 ni Prop 13 ti ń dènà pé kí iye ilé má ga ju ìdá méjì lọ lọ́dún títí ilé á fi yí ọwọ́. Gbígbé e sínú LLC pẹ̀lú ìpín kan náà kò jẹ́ yíyí ọwọ́. Pípín tó tẹ̀lé e ni ìjàǹbá. Ìpín tí àwọn òbí bá ń yọ fún yín, wọ́n ń ro ó pọ̀. Ọjọ́ tó bá kọjá ìdajì, wọ́n á tún gbogbo ilé náà díyelé. Àánú tí òfin Prop 19 ṣẹ́ kù fún òbí àti ọmọ láti 2021, ilé gan-an ló wà fún, kì í ṣe ìpín nínú LLC. Ẹ tún rántí 800 dọ́là tí California ń gbà lọ́wọ́ LLC lọ́dọọdún, ìbáà pa owó, ìbáà má pa. Lọ́yà tó ń ṣe trust ni kí wọ́n lọ rí.

OníléTexas
Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú làálàá. Èmi àti ìyàwó mi ka gbogbo rẹ̀ lálẹ́ àná. A ò ní ṣe LLC. 300 dọ́là tí Texas ń gbà láti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kọ́ ló dá wa dúró, bánkì ni, àti pé kò sí ẹ̀dínkù owó orí kan tó máa mú wá. A máa ra ìnṣọ́ránsì umbrella, èyí tó ń bo ohun tó bá kọjá agbára ìnṣọ́ránsì yòókù, lé ti lánlọ́ọ̀dù lórí, a ó sì tà á kí ọdún mẹ́ta tó pé. Ìyàwó mi ti kọ ọjọ́ náà sára fíríìjì.

Oníṣirò_Àgbà
Ó dáa bẹ́ẹ̀. Wá ìwé tí wọ́n fún yín lọ́jọ́ tí ẹ ra ilé ní 2017, àti rìsíìtì gbogbo nǹkan ńlá tí ẹ ti ṣe sí i, òrùlé, ẹ̀rọ amúlétutù, irú wọn. Èmi kọ́, IRS ló máa bi yín.

OníléTexas
Òrùlé, 2021. Rìsíìtì wà ní í-méèlì. Mo ń lọ tẹ̀ ẹ́ jáde báyìí.